Ọ̀gá Orísun àti Káàdì Tí Kò Lójú

Nígbà tó kọ́kọ́ dé iléeṣẹ́ náà, wọn ò tíì máa pè é ní Ọ̀gá Orísun. Ọ̀gá Àgbà lásán ni, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé "lásán" yẹn ń dùn ún. Gbogbo àwọn tó jẹ ṣáájú rẹ̀ ló ti jẹ́ Ọ̀gá Àgbà. Àwòrán àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo wọn wọ kóòtù, gbogbo wọn ń wo ẹni tó bá ń kọjá bí ìgbà tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Òun náà ṣe tirẹ̀. Ó ní kó tóbi ní ìlọ́po méjì, wọ́n sì ní láti yọ gílóòbù kan kí férémù náà tó lè gba ibẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni apá ibi tí àwòrán rẹ̀ wà ti ṣókùnkùn, tí èèyàn ò rí i dáadáa mọ́.

Iṣẹ́ iléeṣẹ́ náà ò le. Káàdì ìwòsàn ni wọ́n ń ṣe fún àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó bá fẹ́ káàdì á lọ sórí ìkànnì wọn, á kọ orúkọ rẹ̀, á fi àwòrán ara rẹ̀ sí i, káàdì á sì jáde. Ẹni tí kò bá mọ ìkànnì lò á wá tò sí fèrèsé iléeṣẹ́, wọ́n á bá a ṣe é. Ọdún kan ni káàdì fi ń ṣiṣẹ́, ilé ìwòsàn ò sì ní fọwọ́ kan ẹni tí kò bá ní in. Sọ́fíwià kan ló ń ṣe gbogbo làálàá yìí lẹ́yìn ìkànnì. Òun ló ń gba ohun tí èèyàn bá tẹ̀, òun ló ń wá orúkọ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀, òun náà ló ń dá ojú ìwé padà fún un.

Ẹni tó ń tọ́jú sọ́fíwià yìí ni obìnrin kan tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Ìyá Ẹ̀rọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì pé ogójì ọdún. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà nídìí ẹ̀rọ ńlá tó wà ní yàrá tútù lẹ́yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀rọ náà ò sì dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é ò la ariwo lọ. Àwọn tó mọṣẹ́ ti kọ́ sọ́fíwià náà tán, wọ́n ti dán an wò, wọ́n ti dì í sílẹ̀ lódindi. Ìlà àṣẹ kan péré ni yóò tẹ̀, ẹrù náà á sọ̀kalẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, á jókòó síbi tó yẹ kó jókòó sí. Bí wọ́n bá rí ihò lára rẹ̀, àwọn kan náà ló máa fi àtúnṣe ránṣẹ́. Ìyá Ẹ̀rọ á tẹ ìlà kan sí i, á sì máa bá iṣẹ́ mìíràn lọ.

Ẹ̀yin náà rí i pé kò sí ibi tí èèyàn ti máa gé rìbọ́ọ̀nù nínú irú iṣẹ́ báyìí. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá Àgbà lọ sí àpérò ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan. Ó sun ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kẹta, níbi tí wọ́n ti ń mu tíì, ó gbọ́ tí ọ̀dọ́kùnrin kan ń sọ fún èkejì rẹ̀ pé àwọn tó mọṣẹ́ sọ́fíwià gan-an, láti orísun ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, láti inú kóòdù, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ àṣẹ tí wọ́n fi ṣe é. Ọ̀dọ́kùnrin náà fi kún un pé ìyẹn bí wọ́n bá ní ìdí tó yanjú o. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ò gbọ́ èyí, torí ó ti lọ bu bísíkíìtì sí i.

Ó padà dé lọ́jọ́ Àìkú. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ sí gbọ̀ngàn.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "ojú ń tì mí. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni iléeṣẹ́ yìí fi ń tú ẹrù tí ẹlòmíràn dì. Ṣé àwa ò lọ́wọ́ ni? Ṣé àwa ò lórí? Láti òní lọ, orísun ni. A ó gba kóòdù náà ní tútù, láti orísun rẹ̀, a ó sì fi ọwọ́ ara wa kọ́ ọ. Kóòdù wa, láti orísun. Ìrònú wa, láti orísun. Bó bá ṣeé ṣe, bébà wa náà, láti orísun."

Igbákejì rẹ̀, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀-ni-sà, kọ "bébà láti orísun" sílẹ̀, ó sì fa ìlà méjì sí i nídìí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gé koríko pé igi mélòó ló wà nínú ọgbà.

Ìyá Ẹ̀rọ nawọ́. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó sì fi sùúrù ṣàlàyé. Kò sóhun tó burú nínú kíkọ́ ọ láti orísun. Àwọn kan ń ṣe é, wọ́n sì nídìí tí wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá kọ́ ọ fúnra rẹ̀, ohun tí kò bá fi sí i ò ní sí níbẹ̀, bí ihò bá sì yọ lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá a dí i. Ó wá sọ tẹnu rẹ̀ tán. Ìyá rẹ̀, olùkọ́ tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé, ni awọ funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Dókítà ojú, tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá lẹ́ẹ̀mejì péré lọ́dún, ti fún un ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ọjọ́ yẹn, láti bó o kúrò. Káàdì Màmá yóò ti kú kó tó dìgbà náà. Bí Ọjọ́bọ̀ yẹn bá bọ́, ó di oṣù mẹ́fà. Dókítà sì ti sọ pé òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ojú náà á ṣì ṣeé wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ó ní kí Ọ̀gá jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí Ọjọ́bọ̀ yẹn kọjá ná.

Ọ̀gá gbọ́ ọ tán. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Ìyá rẹ, ìyá mi ni," ó ní. "Nítorí náà, káàdì wọn gbọ́dọ̀ wá láti orísun. Àwọn gan-an ni yóò gba àkọ́kọ́. Mínísítà ni yóò sì gbé e lé wọn lọ́wọ́, ní Ọjọ́rú, tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ yẹn."

Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Ìyá Ẹ̀rọ náà pàtẹ́wọ́. Kí ló fẹ́ ṣe?

Èyí tó kàn ni àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀yà. Ẹ má jẹ́ kó sú yín, kò le. Ẹni tó bá ń kọ́ irú sọ́fíwià yìí láti orísun ni yóò yan ẹ̀yà tó fẹ́ kó wà lára rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń sọ fún télọ̀ pé kó fi àpò sí aṣọ òun, kó fi bọ́tìnnì sí i. Ní ti èyí tí wọ́n dì sílẹ̀, wọ́n ti rán àpò àti bọ́tìnnì rẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìlà àṣẹ kan ni èèyàn á fi pè wọ́n. Ìyá Ẹ̀rọ kọ ẹ̀yà mẹ́tàlélógójì sílẹ̀, ó sì sọ pé gbogbo wọn la nílò.

Ọ̀gá gba bébà náà bí ìgbà tí wọ́n gbé orúkọ àwọn tó ń wá ìgbéga wá fún un. Ó yan ìgbìmọ̀. Ó fi ara rẹ̀ ṣe alága. Ó mú bírò pupa. Ó ní kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sọ ìdí tí òun á fi gbà á síṣẹ́, ní ẹ̀dà méjì. Èyí tó ń ka ọjọ́ àti aago wọlé, torí Ọ̀gá fẹ́ràn kí èèyàn tètè dé. Èyí tó ń bá àkọsílẹ̀ sọ̀rọ̀ wọlé, ṣùgbọ́n ó ní kó máa sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. Báyìí ni wọ́n ṣe dé orí ìkẹtàlélógún.

"Kí niṣẹ́ eléyìí?"

"Òun ló ń ṣètò àwòrán, sà. Ó ń gé e, ó ń dín in kù, ó ń gbé e sórí káàdì."

"Àwòrán?" Ọ̀gá wo ìgbìmọ̀ yíká. "Ṣé ilé ayàwòrán ni wọ́n gbé mi wá ni?"

Igbákejì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀ làwọn olórí ẹ̀ka, lẹ́yìn wọn làwọn akọ̀wé, ní ìpele ìpele. Awakọ̀ Ọ̀gá, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ló rẹ́rìn-ín kẹ́yìn, kò tilẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ọ̀gá wá fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà pé: "Àwa kì í ṣe ayàwòrán. Ẹ yọ ọ́." Ó buwọ́ lù ú, ó kọ oyè rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́ rẹ̀, ó kọ ọjọ́ sí i. Ọkùnrin tó yọ gílóòbù lára ògiri nítorí àwòrán ara rẹ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀ o. Mi ò fẹ́ràn irú èèyàn báyìí, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ìyá Ẹ̀rọ tún lanu. Ọ̀gá gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè, ó ní òun ti buwọ́ lù ú. Ní iléeṣẹ́ yẹn, ohun tí Ọ̀gá bá ti buwọ́ lù ti di òkúta nìyẹn. Ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án ni ìgbìmọ̀ tó lè tú u, Ọ̀gá ló sì ń yàn wọ́n.

Ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, Ọ̀gá gé rìbọ́ọ̀nù lẹ́nu ọ̀nà yàrá tútù. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, á máa kọ ọ̀rọ̀ sójú rẹ̀, ìlà lórí ìlà, ó ń sáré kọjá. Ó dun Ọ̀gá pé iṣẹ́ tó tó báyìí ń sá lọ láìsí ẹni tó buwọ́ lù ú. Ó ní kí wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ sórí bébà. Ojú ìwé tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ló jáde, ó sì buwọ́ lu gbogbo wọn fún ọjọ́ mẹ́ta, títí àtàǹpàkò rẹ̀ fi wú. Igbákejì náà fi báńdéèjì di àtàǹpàkò tirẹ̀, láti fi bá a kẹ́dùn.

Nínú àwọn ojú ìwé náà ni Ọ̀gá ti rí i pé ẹ̀rọ ń kọ "ìkìlọ̀" níbí, "ìkìlọ̀" lọ́hùn-ún. Ó béèrè ta ló ń kìlọ̀ fún òun. Wọ́n ní ẹ̀rọ ni. Ó kọ ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ sí ẹ̀rọ, ó fún un ní ọjọ́ méjì. Igbákejì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rọ náà lára. Ọjọ́ méjì pé, ẹ̀rọ ò fèsì, wọ́n sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé ó ti gbà pé òun jẹ̀bi. Wọ́n di àwọn bébà náà pọ̀ sí ìwé ńlá mọ́kànlá, wọ́n fi bébà tí Ọ̀gá fi bírò pupa kọ ṣe ojú ìwé àkọ́kọ́. Ọ̀gá yan ọ̀rọ̀ ìwọlé tuntun fún ẹ̀rọ náà, ó fi í sínú àpòòwé, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó buwọ́ lé e, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ba orísun jẹ́. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n sọ ọ́ ní Ọ̀gá Orísun. Ó gbọ́, ó sì rò pé oyè ni.

Ìyá Ẹ̀rọ lọ sórí ìkànnì bíi gbogbo ayé, ó kọ orúkọ ìyá rẹ̀, ó fi àwòrán sí i. Káàdì jáde. Orúkọ wà níbẹ̀, ọjọ́ ìbí wà níbẹ̀. Àpótí tó yẹ kí ojú wà ṣófo, ó funfun báláú. Káàdì tí kò bá lójú, ilé ìwòsàn ò ní gbà á wọlé.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ bá Ọ̀gá. Ní àkọ́kọ́, Ọ̀gá sọ fún un pé àwòrán náà á yọjú bí ara ẹ̀rọ bá balẹ̀. Ní ẹ̀kejì, ó ní àwọn aláìnígbàgbọ́ ló ń dá iṣẹ́ ìjọba dúró. Ní ẹ̀kẹta, ó ní bó bá tún wá, kó mú ìwé ìfipòsílẹ̀ rẹ̀ dání. Níta, àwọn arúgbó ti ń tò síwájú fèrèsé, wọ́n di káàdì tí kò lójú mọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ròyìn wọn fún Igbákejì, ó ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Nílé, bí Ìyá Ẹ̀rọ bá ti ṣílẹ̀kùn, ohun kan náà ni Màmá ń béèrè.

"Ṣé wọ́n ti ṣe é?"

"Wọ́n ń ṣe é, Màámi."

Ó dùn ún débi tí kò lè jẹun. Ìyá tó kọ́ ọ ní lẹ́tà àkọ́kọ́ tó mọ̀ wá ń fọwọ́ tá ògiri kó tó dé ilé ìwẹ̀, tìtorí bírò pupa kan.

Ọjọ́rú dé. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, wọ́n to ìwé mọ́kànlá sí i. Ìyá Ẹ̀rọ fọwọ́ mú ìyá rẹ̀ wá sórí àga iwájú. Mínísítà dé, obìnrin kúkúrú kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ki orísun, ó ki ara rẹ̀, ó sọ bí òun ṣe rí ìmọ́lẹ̀ ní àpérò, ó sọ ti àtàǹpàkò. Ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, Màmá fa aṣọ ọmọ rẹ̀.

"Ta ni ọkùnrin gíga yìí?"

"Ọ̀gá wa ni. Ta ló sọ fún yín pé wọ́n ga, Màámi?"

"Ohùn wọn ni mo gbọ́."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ parí, wọ́n gbé tíì tó gbóná fẹlifẹli fún Mínísítà, wọ́n sì tẹ káàdì náà jáde lójú gbogbo èèyàn. Igbákejì gbé e wá lórí àwo bàǹtà-banta kan. Mínísítà mú un. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó tún wo iwájú.

"Ó jọ wọ́n gan-an, mà," ni Igbákejì sọ.

"Ojú dà?" ni Mínísítà béèrè.

Ọ̀gá wú ikọ́. Ó ní ojú náà wà, pé ó wà nínú orísun, pé kò tíì dé òkè ni. Mínísítà ní òun ò béèrè ibi tó wà mọ́, ta ló yọ ọ́ lòun fẹ́ mọ̀. Ọ̀gá yí ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sọ́dọ̀ Ìyá Ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn kan wà nídìí ẹ̀rọ, mà, tí ọkàn wọn ò sí níbi iṣẹ́.

Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ rántí Igbákejì. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ọ̀gá ti kọ́ ọ pé ohunkóhun tí Mínísítà bá béèrè ẹni tó ṣe é, kó dáhùn pé Ọ̀gá ni. Ó ti kọ́ ọ sórí. Ó ń tún un pè nígbà tó bá ń wẹ̀. Bó ṣe gbọ́ "ta ló" báyìí, inú rẹ̀ dùn, ó fò dìde, ó ṣí ìwé àkọ́kọ́ nínú mọ́kànlá, ó gbé e síwájú Mínísítà.

"Kò sẹ́ni tó bá wọn dá sí i, mà. Ọwọ́ ara wọn ni. Ẹ wò ó, mà. Ọ̀gá ni."

Mínísítà kà á sókè. "Àwa kì í ṣe ayàwòrán. Ẹ yọ ọ́." Ó ka orúkọ. Ó ka oyè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì gùn ju ọ̀rọ̀ náà lọ. Ẹyin lohùn, àgbààgbà ti sọ ọ́. Ọ̀gá wo Igbákejì, Igbákejì rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tó ń retí kí wọ́n yìn ín.

Ìyá Ẹ̀rọ ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ọ̀la ni wọ́n máa ṣe ojú màámi. Ẹ ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀rọ̀ ìwọlé, kí n fi èyí tí wọ́n ti dì sílẹ̀ sí i."

"Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó?"

"Tíì yín ò ní tutù, mà."

Wọ́n já àpòòwé. Orúkọ Ọ̀gá àti gbogbo oyè rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìwọlé náà. Ìyá Ẹ̀rọ wọ yàrá tútù, ó bọ́ ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ kúrò lára ẹ̀rọ, ó jókòó. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló gbà á, ẹ jẹ́ kí n sì sọ òótọ́, mẹ́ta nínú rẹ̀ ló fi tẹ oyè. Ìlà kan mú sọ́fíwià wá, ìlà kejì mú ẹ̀yà àwòrán wá. Nígbà tí káàdì tún jáde, ojú Màmá wà lórí rẹ̀, ó le koko bí ojú olùkọ́ tó ń wo ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Mínísítà mu tíì tó kù, ó gbé káàdì lé Màmá lọ́wọ́, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Kò bá Ọ̀gá sọ ọ̀rọ̀ kankan. Lẹ́tà ló bá a sọ ọ́, lọ́jọ́ kejìlá: kó máa lọ sinmi nílé.

Wọ́n sọ àwòrán rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n dá gílóòbù padà sáyè rẹ̀. Wọ́n gbé ìwé mọ́kànlá lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú ọgbà, ó ń jókòó lé wọn. Obìnrin ni Ọ̀gá Àgbà tuntun. Igbákejì ló kọ́kọ́ kọ ìwé sí i, ojú ìwé mẹ́jọ, lórí ẹwà ohun tí wọ́n ti dì sílẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà" ló wá ń sọ báyìí, kò sì nílò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan kó tó mọ̀ ọ́n sọ.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá wá kí ọmọ rẹ̀ níbi iṣẹ́, ó dá wá, kò sẹ́ni tó mú un lọ́wọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú fèrèsé, ó ń ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára ògiri, títí kan "ẹ má tutọ́ síbí". Ọkùnrin kan wá, ó ní òun ò yẹ lẹ́ni tó ń tò. Wọ́n fi ẹni tó kẹ́yìn hàn án, ó sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó dé iwájú, ó yọ àwòrán rẹ̀ jáde nínú àpò.

"Ẹ jókòó, sà," ni Ìyá Ẹ̀rọ, tó ń bá wọn tọ́jú fèrèsé lọ́jọ́ náà, sọ fún un. "Kò ní pẹ́."

Kò sì pẹ́. Ó gba káàdì ìwòsàn rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó wo ojú ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìwà ò ṣeé fi pamọ́. Ó yíjú sí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ó tún kóòtù rẹ̀ tò.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó bẹ̀rẹ̀.

Màmá gbé orí sókè. Ohùn yẹn, ó mọ̀ ọ́n. Ó dìde, ó sún mọ́ ọn, ó wò ó láti bàtà dé orí, ó sì tún wò ó láti orí padà dé bàtà.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ káàdì mi?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Màmá sọ. "Mo rò pé ẹ ga ju báyìí lọ ni."